UNILAG, LASU, LASUSTECH tàbí ti aládàáni: èwo ló yẹ ọmọ Ìkòròdú?

Níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì JAMB, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàbó níbí, ohun kan wà tí mo máa ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó lọ fi orúkọ sílẹ̀. Màá ya ìwé fúlúsíkáàpù sí méjì, màá fún ọmọ ní ìlàjì kan, màá ní kó kọ ọ́ síbẹ̀: kí nìdí tí o fi fẹ́ lọ sí ilé ìwé tí o mú? Kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́rin lọ. Tó bá kọ ọ́ tán, màá mú bírò pupa, màá fa igi lé orúkọ ilé ìwé náà, màá wá kọ orúkọ òmíràn sórí rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún bá ṣì ń lọ geere bí ẹni pé n kò fọwọ́ kàn án, ọmọ náà kò tíì ní ìdí. Orúkọ lásán ló ní.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Ìgbógbó kọ ọ́ báyìí: “Mo fẹ́ lọ sí UNILAG torí pé ó lókìkí, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé màá di èèyàn níbẹ̀.” Mo fa igi lé UNILAG, mo kọ LASU. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Mo fa igi lé LASU, mo kọ Caleb, ti aládàáni. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Tíṣà, ó ṣì bá a mu o.”

Ó bá gbogbo wọn mu, bí agbádá tí wọ́n rán láìwọn ẹnikẹ́ni.

Nítorí ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fi jókòó fi àwọn ilé ìwé yìí wéra. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tó ń gbé ní Ìkòròdú àti àyíká rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé ní Àgbádárìgì tàbí ní Ẹ̀pẹ́ lè kà á, àmọ́ kó yí ojú ọ̀nà padà, torí ibi tí kálukú dúró sí ló ti ń mọ ibi tó jìnnà.

Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí à ń wò. UNILAG jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Akọka ló wà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà. LASU jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, nígbà tí Jakande ń ṣe gómìnà. Ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì; ti ìṣègùn wà ní Ìkẹjà; òmíràn tún wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ fi ti Ẹ̀pẹ́ yẹn sọ́kàn.

LASUSTECH ni ti ẹnu ọ̀nà wa níbí, lójú ọ̀nà Ṣágámù. Ó ti di yunifásítì láti 2022, àmọ́ ẹ dúró ní Sàbó kí ẹ gbọ́ bí àwọn kọ́ńdọ̀ ṣe ń pè é: “Póòlì! Póòlì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” Wọn ò jẹ̀bi. Láti 1977 ni ilé ìwé náà ti wà, Lagos State Polytechnic ni gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n sí. Àwọn aládàáni tó sún mọ́ wa ni Caleb ní Ìmọta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, àti Augustine ní Ìlárá lápá Ẹ̀pẹ́, ti ìjọ Kátólíìkì, tó gba ìwé àṣẹ ní 2015.

Tí ọmọ bá fẹ́ ṣe lọ́yà, LASUSTECH ti jáde nìyẹn, torí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ó ku UNILAG, LASU àti àwọn aládàáni tó ní ẹ̀ka òfin. Tó bá jẹ́ dókítà, UNILAG àti LASU ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ sì mọ̀ pé Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà lọmọ yín máa gbé jù, kì í ṣe inú ọgbà tí ẹ rí nínú fọ́tò. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tíṣà ló wù ú tọkàntọkàn (wọ́n ṣì wà, ẹ má rẹ́rìn-ín), LASUED ni kó wò. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Adeniran Ogunsanya ní Ìjàníkin àti Michael Otedola ní Noforija, Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n pa pọ̀ tó fi di yunifásítì ní 2022. Ọmọ Àgbádárìgì ní ọgbà kan nítòsí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ náà ní ọ̀kan.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bàbá kan láti Odògúnyàn bá mi jà lórí èyí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ti mú LASU. Bàbá ní, “Tíṣà, Ọ̀jọ́? Láti ilé mi? Kí ọmọ máa jí ní aago mẹ́ta òru bí ẹni tó ń lọ sóko?” Mo jẹ́ kó bínú tán, mo wá sọ fún un pé Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà, kò sí ní Ọ̀jọ́. Láti Ìkòròdú, ẹ gba ọ̀nà Ìmọta, ẹ gba Ìtòikin, ẹ ti ń wọ Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, láìfojú kan Máìlì 12 rárá. Bàbá dákẹ́. Ó ní, “Àwọn wo ló mọ èyí?” Kò tó nǹkan. Mo ti rí ọmọ tó wọlé tán kó tó mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé òun lọ. Ìyẹn, Ọ̀jọ́ ni ilé wọn wà.

Nítorí náà, ọmọ Ìkòròdú tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà ní ibi méjì tí kò jìnnà sí i, LASU ní Ẹ̀pẹ́ àti LASUSTECH. Èwo ni kó mú? Yunifásítì ni LASU láti ilẹ̀. Ó ti ń fúnni ní oyè dìgírì nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Orí ìpìlẹ̀ póòlì ni LASUSTECH dúró sí, ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ̀rọ palẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ tó bá fẹ́ràn kí ọwọ́ òun dọ̀tí, tí kò lè rí jẹnẹrétọ̀ tó kú kó má ṣí i, kò ní pàdánù nǹkan kan ní ọ̀nà Ṣágámù. Àmọ́ kó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan.

Ìbéèrè náà ni ti ìfọwọ́sí. Ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba fún yunifásítì ní àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni kí NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó yunifásítì, fọwọ́ sí ẹ̀ka tí ọmọ yín fẹ́ wọ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pátápátá, ọdún márùn-ún ni. Tó bá jẹ́ ìfọwọ́sí onígbà díẹ̀, ọdún méjì péré ni, lẹ́yìn náà wọ́n á tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sì lè má fọwọ́ sí i rárá. Lẹ́yìn NUC, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bàbá ìsàlẹ̀ tirẹ̀: COREN fún ẹnjiníà, Council of Legal Education fún òfin, èyí tó tún ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ sí Law School, ibi tí ẹni tó ti ka òfin tán gbọ́dọ̀ lọ kó tó di lọ́yà. Tí ìyẹn bá kéré ju iye tí wọ́n gbà wọlé, ìlà lẹ máa tò.

Èmi fúnra mi ti jẹ ìyà rẹ̀. Nílé ìwé tí mo lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, a ti wà ní ọdún kẹta ká tó gbọ́ pé ìfọwọ́sí ẹ̀ka wa ti tán. A rí i tí wọ́n ń fi ọ̀dà kun láàbù sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n ń yá ẹ̀rọ láti ibòmíì wá, a rò pé ìtọ́jú ni. Àwọn aṣàyẹ̀wò ló ń bọ̀. Ọdún kan gbáko la fi jókòó sílé lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, kí wọ́n tó lè ṣe ìwé ẹ̀rí wa. Látìgbà náà, ọgbà ẹlẹ́wà kì í wọ̀ mí lójú mọ́.

Ọ̀nà

Ọmọbìnrin Ìgbógbó yẹn, òfin ló fẹ́ kà. UNILAG ló wà lọ́kàn rẹ̀, ilé ni màmá rẹ̀ sì fẹ́ kó ti máa lọ, torí owó. Mo ní ká dán an wò. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo mú, nítorí Sátidé kì í sọ òótọ́.

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú la pàdé ní ibùdókọ̀ Agric. Ìlà BRT ti yí po. Ọkùnrin tó wà níwájú wa ń sùn lórí ìdúró, ó fi àgbọ̀n lé báàgì tó gbé sáyà. Bí ìlà bá sún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sún, ojú rẹ̀ kò ní là. Alákàrà kan ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kọjá. Aago mẹ́fà ku díẹ̀ la tó wọkọ̀. Láti 2015 tí ọ̀nà BRT ti gba Máìlì 12 dé Ìkòròdú, nǹkan ti dẹrùn ju ti àtijọ́ lọ, èmi kì í ṣe aláìmoore. A ń rìn, a ń dúró. Kétu. Ọjọ́ta. A sọ̀ ní Fádèyí, a tún wọ ọkọ̀ kékeré lọ sí Akọka. Nígbà tá a dé ẹnu géètì UNILAG, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́jọ lù.

Màmá wo aago, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. “Lójoojúmọ́? Fún ọdún márùn-ún?”

Bẹ́ẹ̀, lílọ nìyẹn. A kò tíì sọ̀rọ̀ àbọ̀, nígbà tí gbogbo Èkó ń padà sílé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ tó bá mú UNILAG láti Ìkòròdú, họ́sítẹ́ẹ̀lì ni kó máa gbàdúrà fún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń du ààyè ibẹ̀ bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bọ́ sí i bọ́ sí i. Ẹni tí kò bá bọ́ sí i á wá yàrá ní Akọka tàbí Yábàá, ibi tí owó ilé ti ń dẹ́rù ba òṣìṣẹ́, ká má tíì sọ akẹ́kọ̀ọ́.

LASU ní Ọ̀jọ́ ńkọ́? Láti Ìkòròdú lójoojúmọ́, ẹ má dábàá rẹ̀. Máìlì 12, Òṣòdì, Máìlì 2, kí èèyàn tó wá kan ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹni tó bá máa lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ́ fi ń gba yàrá níta, ní Ìyànà-Ìbá, ní Okokomaiko, torí họ́sítẹ́ẹ̀lì kò sí nínú ọgbà nígbà náà. Ohun kan tó gbè é ni pé yàrá apá ibẹ̀ kì í wọ́n tó ti Akọka. Ẹ má gbàgbé owó àgírímẹ́ǹtì àti ti kọmíṣọ̀n, torí onílé kò ní gbàgbé.

LASUSTECH kò ní ìtàn ọ̀nà. Èèyàn lè jí ní aago méje kó sì bá lẹ́ńtọ̀ aago mẹ́jọ. Caleb àti Augustine náà kò ní, inú ọgbà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń gbé.

Owó

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Owó aládàáni ń wọ mílíọ̀nù lọ́dún, ibùgbé àti oúnjẹ ló sì sábà máa ń sọ ọ́ di ńlá. Tí apá yín bá ká a fún odidi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ mú un, èmi kò lòdì sí i: kíláàsì kì í kún àkúnya, ọjọ́ àṣekágbá kì í yẹ̀. Tó bá jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ nìkan lẹ rí, tí ẹ ń sọ pé Ọlọ́run á ṣe ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ ọmọ méjì tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó padà wá jókòó sínú lẹ́sìnnì mi láti tún JAMB ṣe.

Ìdí mìíràn tún wà. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Kò ní èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ìwé fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún jíjẹ mímu. Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù. Ti ìjọba nìkan ló wà fún. Ọmọ UNILAG lè tọrọ rẹ̀, ọmọ LASU náà lè tọrọ rẹ̀. Ọmọ Caleb àti Augustine kò lè rí i gbà. Mo rí òbí tó rò pé ẹ̀yáwó yìí ló máa bá òun gbé ti aládàáni. Kò ní bá a gbé e.

Ti ìjọba náà, ẹ má fi owó ọdún yìí ṣèrí. Ní 2011, owó LASU fò láti 25,000 náírà lọ sí àárín 193,750 àti 348,750, bí ẹ̀ka bá ṣe rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá títí, ìjọba Fashola dá a padà sí 25,000 ní 2014. UNILAG tó ń gba bíi 19,000 náírà tẹ́lẹ̀ gbé tirẹ̀ kọjá 100,000 ní 2023. Ẹni tó bá gé owó ọmọ rẹ̀ gẹ́ẹ́ bí aṣọ ìdí, ọjọ́ tí wọ́n bá fi nǹkan lé e ni yóò já.

Máàkì àti ipò kìíní

Níbí ni ìgbéraga ti ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ. UNILAG kì í wo ẹni tó fi í ṣe ipò kejì nínú fọ́ọ̀mù JAMB, kì í sì í gba ẹni tí kò bá ní 200. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: JAMB ní 50, ìdánwò tiwọn ní 30, èsì WAEC ní 20.

Mo ṣe é fún ọmọbìnrin Ìgbógbó lórí pátákó. Nínú ìdánwò àdánwò wa, 240 ló sábà máa ń gbà. Ẹ fi 8 pín in, torí 400 JAMB ni wọ́n ń sọ di 50; 30 nìyẹn. Ká ní B3 ló ní nínú iṣẹ́ márààrún, B3 kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 3.2: 3.2 lọ́nà márùn-ún, 16. Ó di 46. Tó bá gba 20 nínú 30 lọ́dọ̀ wọn, 66 ni àpapọ̀. Ẹ̀kọ́ òfin sì sábà máa ń wá ẹni tó ju 70 lọ. Láti dé 72, ó gbọ́dọ̀ gba 26 nínú 30, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ pàdánù ju máàkì mẹ́rin lọ. Ó tẹjú mọ́ pátákó pẹ́. N kò sọ fún un pé kò lè ṣe é. Mo kàn fẹ́ kó mọ iye tí ọjà jẹ́ kó tó na ọwọ́ sí i.

Ní ti ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 ààyè jẹ́ ti àwọn tó ṣe dáadáa jù níbikíbi, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Èkó wà nínú 35 yẹn fún UNILAG, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà wà níbẹ̀. Ní LASU, ọmọ onílẹ̀ Èkó ló ní àǹfààní jù. Gbígbé ní Ìkòròdú yàtọ̀ sí jíjẹ́ ọmọ Ìkòròdú o. Tí bàbá bá ti Ìkìrun wá, tó kọ́ ilé sí Owútù láti ogún ọdún, Ọ̀ṣun ni ọmọ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ lóòótọ́, kó tètè lọ gba ìwé rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń sáré.

Ti ìyanṣẹ́lódì, ẹ ó rántí 2022. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni ASUU fi ti ilé ìwé pa, oṣù mẹ́jọ gbáko. UNILAG wà nínú rẹ̀. LASU kò bá wọn lọ, wọ́n ń kàwé nìṣó. Bó ṣe máa rí lọ́la, kò sẹ́ni tó lè búra, ṣùgbọ́n òbí tó ní ọmọ UNILAG kan àti ọmọ LASU kan lọ́dún náà kò ní gbàgbé èyí tó wà nílé tó ń jẹ ẹ̀wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìrìn Mọ́ńdè wa, ọmọbìnrin Ìgbógbó mú ìlàjì ìwé mìíràn wá. Màmá rẹ̀ bá a wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ìwé náà kà báyìí: “Mo fẹ́ ka òfin ní LASU torí pé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní yàrá kan tó ṣófo ní Ìyànà-Ìbá, màá lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì. Ọmọ onílẹ̀ ni mí, mo ti gba ìwé mi. Bí JAMB mi bá sì rí bí mo ṣe ń ṣe é níbí, mo ti ṣírò rẹ̀.”

Mo mú bírò pupa. Mo fa igi lé LASU, mo kọ UNILAG.

“Tíṣà, yàrá Àǹtí mi kò sí ní Akọka.”

Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀yìn ni màmá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi yẹn, kì í jẹ́ kí wọ́n tanná kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ o.” Mo ní kó kọ ìyẹn náà kún un.